Trois femmes puissantes ti Marie NDiaye: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá, àti ìdáhùn mi

Gbogbo ẹni tí mo bá ti ní kó ka ìwé yìí ló ń padà wá bi mí ní ìbéèrè kan náà, ni mo bá kó wọn jọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ìtàn náà ṣe parí, kó dúró ní ìbéèrè karùn-ún. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Ìwé wo nìyí gan-an?

Ìwé ìtàn àròsọ ni, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Gallimard ní Paris ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2009. Kó tó di ìparí ọdún náà, ó ti gba ẹ̀bùn Goncourt, tí àwọn Faransé ti ń fún àwọn òǹkọ̀wé láti ọdún 1903, tí wọ́n sì kà sí olórí ẹ̀bùn ìwé lọ́dọ̀ wọn. Yúrò mẹ́wàá péré ni owó tó bá ẹ̀bùn ọ̀hún rìn. Ibi tí èrè wà ni pé ìwé tó bá gbà á, ojú ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń rọ́ lọ rà á.

Ọ̀rọ̀ ìdílé tó tú ká ló dá lé: bàbá tó já ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ọkọ tó fa ìyàwó kúrò nílùú rẹ̀ tí kò sì rí ohun gidi fún un níbi tó mú un lọ, àti ìdílé ọkọ tó lé opó jáde. Dakar àti Fránsì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Apá tó kẹ́yìn wà lójú ọ̀nà láàárín méjèèjì.

Kí ni àkọlé rẹ̀ ń sọ?

"Obìnrin alágbára mẹ́ta" ni. Ẹni tó bá ń retí obìnrin tó gbé idà, tàbí ìyálọ́jà tí gbogbo ọkùnrin ń wárí fún, ìwé yìí máa já a kulẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọ̀kan kò lè di ìtọ̀ rẹ̀ mú nílé bàbá rẹ̀, èkejì kò sọ ọ̀rọ̀ tó kún ẹnu nínú ìtàn tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀kẹta ni opó tí àwọn àna lé jáde.

Faransé ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí àwa ti ń lo ẹyọ kan. "Forte" ni ẹni tó lè ru ẹrù, tó lè fara da ìyà. "Puissante" ni ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú agbára tí ọba ní, tí olówó ní. Èyí tí kò jọ pé ó bá àwọn obìnrin náà mu ni NDiaye mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Gẹ̀ẹ́sì wá pè é ní "strong", àkọlé náà sì rọ̀ díẹ̀. Ní tèmi, "alágbára" tiwa gbé e ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí agbára tí a fi ń ru ẹrù àti agbára tí a fi ń pàṣẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wa.

Ta ni Marie NDiaye? Ṣé ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni?

Ìlú Pithiviers ní gúúsù Paris ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1967. Faransé ni ìyá rẹ̀, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl sì ni bàbá rẹ̀. Bàbá náà padà sí Áfíríkà nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá, tó jẹ́ olùkọ́, ló tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà ní Bourg-la-Reine, lẹ́bàá Paris. Ẹ̀gbọ́n náà ni Pap Ndiaye, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Fránsì láti 2022 sí 2023. (Àbúrò ń fi lẹ́tà ńlá kọ D inú orúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kọ́ ni tí ẹ bá rí i.)

Ó ṣì wà nílé ìwé gíga nígbà tó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Éditions de Minuit tẹ̀ jáde ní 1985. Wọ́n máa ń pè é ní òǹkọ̀wé ọmọ Áfíríkà, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ léraléra pé orúkọ yẹn kò tọ́ sí òun, pé Fránsì ni wọ́n ti tọ́ òun, ibẹ̀ lòun sì mọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe pe ara rẹ̀. Ẹni tí bàbá ò tọ́, ẹ má fi ìlú bàbá dá a lórúkọ.

Mi ò gbọ́ Faransé. Báwo ni mo ṣe máa kà á?

John Fletcher túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní 2012 pẹ̀lú àkọlé "Three Strong Women". Ìtumọ̀ tó ṣeé gbára lé ni. Àwọn èèyàn wa ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Porto-Novo tí wọ́n fi Faransé kàwé, kí wọ́n ka ti Faransé, torí gbólóhùn NDiaye ló ń ṣe iṣẹ́ nínú ìwé yìí ju ìṣẹ̀lẹ̀ lọ.

Gbólóhùn ọ̀hún gùn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lókè ojú ìwé, kó yà sí ọ̀tún, kó yà sí òsì, kó rántí nǹkan, kó tó wá délẹ̀. Ẹ má sáré kà á. Èmi máa ń ka irú ibẹ̀ sókè bí ẹni ń ka lẹ́tà fún àgbàlagbà, ó sì máa ń yé mi.

Ṣé ìtàn kan ni àbí mẹ́ta?

Mẹ́ta ni, òwú tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀. Ti Norah ni àkọ́kọ́. Ti Rudy Descas àti Fanta ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, òun ló sì gùn jù. Ti Khady Demba ló kẹ́yìn. Khady yìí kan náà la kọ́kọ́ rí fẹ́ẹ́rẹ́ nílé bàbá Norah, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ. Fanta inú ìtàn kejì sì ni ìbátan tí wọ́n ní kí Khady lọ bá nílùú òyìnbó nínú ìtàn kẹta. Kò sí ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó pọ̀ o. Ẹ má dúró de ìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú apá kìíní?

Norah jẹ́ lọ́yà, ẹni ọdún 38, Paris ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti Dakar pé kó wá, kò sọ ohun tó fẹ́. Bàbá yìí ló fi ìyá wọn sílẹ̀ ní Fránsì pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì, tó sì gbé Sony, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Sony nígbà náà. Ìyá wọn, obìnrin Faransé tó ń ṣe irun fún àwọn oníbàárà, kò rí i gbà padà.

Nígbà tí Norah débẹ̀, ọkùnrin tó ti lówó rí, tí aṣọ rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, ti di arúgbó tó ń wọ sálúbàtà rọ́bà, tí ara rẹ̀ ń rùn, tó sì máa ń gun igi lálẹ́. Igi flamboyant ni, irú èyí tó máa ń yọ òdòdó pupa nínú ọgbà ilé ìwé wa. Àwọn ìbejì obìnrin kéékèèké wà nílé tí bàbá ò fẹ́ rí sójú. Sony wà lẹ́wọ̀n Reubeuss. Wọ́n ní ó pa ìyàwó bàbá rẹ̀, ìyá àwọn ìbejì náà. Ìdí rèé tí wọ́n fi pe lọ́yà.

Ta ló wá pa obìnrin náà?

Sony ti gba ẹ̀bi náà. Nígbà tí Norah lọ wò ó lẹ́wọ̀n, ó sọ fún un pé bàbá wọn ló pa á. Ìyàwó yẹn kéré sí bàbá gan-an, òun àti Sony sì ti ń fẹ́ ara wọn. Kò sí adájọ́ nínú ìtàn, kò sí ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n Norah gba ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́.

Kí ló dé tí Norah fi dáhùn nígbà tí bàbá tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pè é?

Tó bá jẹ́ pé ẹyọ ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa dáhùn lórí ìwé yìí, òun nìyí. Àwọn tó ń bi mí sábà máa ń fi ìbínú bi í: obìnrin tó kàwé, tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń gbẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn rò, kí ló ń wá lọ? Lẹ́nu wa, àá ní baba ni jígí. Àwọn èèyàn rò pé ìyìn nìyẹn, pé ẹwà ni. Jígí tó fọ́ náà ṣì ń fi ojú hàn. Ohun tí Norah bá nílé bàbá rẹ̀ ni ojú ara rẹ̀ nínú jígí tó fọ́, kò sì lè gbé ojú kúrò.

Ẹ wo ohun tí NDiaye fi ara rẹ̀ ṣe. Norah ń tọ̀ sára láìmọ̀, bí ọmọdé. Bàbá sọ fún un pé ó ti gbé ní Grand-Yoff ní Dakar rí. Òun kò rántí pé òun gbé ibẹ̀ rí. Ó fi àwòrán hàn án, Norah ò mọ̀ bóyá òun ni tàbí ẹni tó jọ òun. Bí bàbá ṣe kó ọmọ lọ láyé ọjọ́sí ló ṣe tún ń kó ìrántí ọmọ lọ báyìí. Kì í ṣe pé ó ń parọ́ lásán. Ó ń fi àṣẹ bàbá sọ fún ọmọ ẹni tí ọmọ jẹ́, ọmọ náà, ní ẹni ọdún 38, sì ń ṣiyèméjì nípa ara rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òǹkàwé máa ń fò. Norah ní ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé ní Paris, Jakob, pẹ̀lú ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan tí oníkálùkù bí tẹ́lẹ̀. Jakob ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ, ilé Norah sì ń dàrú díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Norah kórìíra ẹ̀rín yẹn, ó sì ń bẹ̀rù pé òun ti ọwọ́ ara òun gbé irú bàbá òun wọlé, pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Torí náà, kì í ṣe àánú bàbá ló gbé e dé Dakar. Ó lọ wo ibi tí nǹkan ti bà jẹ́.

Apá kejì sú mi. Ṣé mo lè fò ó?

Ẹ má fò ó. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa ìwé náà dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé Rudy Descas ni, ọkùnrin Faransé tó ń ta ohun èlò ilé ìdáná ní Gironde, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Fránsì, tí ìdí ń yún, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wakọ̀ kiri nínú oòrùn, tó sì ń bínú sí gbogbo ayé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó bá ìyàwó rẹ̀ jà, ó ní kó padà síbi tó ti wá. Gbogbo ìyókù ọjọ́ ló fi ń gbìyànjú láti gbàgbé pé òun sọ ọ́.

NDiaye mọ̀ọ́mọ̀ há wa mọ́ inú orí ọkùnrin tí a ò fẹ́ bá gbé ni. Tó bá ti sú yín, ó ti ń yé yín bí ilé ṣe rí fún Fanta.

Kí ló dé tí a kò gbọ́ ohùn Fanta, tó sì jẹ́ pé òun ni obìnrin kejì?

Colobane ní Dakar ni Fanta ti wá, ilé tálákà. Ó fi ìwé kíkà gbé ara rẹ̀ dìde títí tó fi di olùkọ́ ní ilé ìwé Mermoz, ilé ìwé Faransé tó lórúkọ ní Dakar. Ibẹ̀ ni òun àti Rudy ti pàdé. Rudy bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà níbẹ̀, wọ́n lé e, ó sì fa Fanta wá sí Fránsì pé wọ́n máa gbà á síṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Rudy mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Fanta ń jókòó sílé lábúlé kan báyìí, òun àti ọmọ wọn Djibril, láìsí iṣẹ́.

A kò gbọ́ ọ torí pé Rudy kò gbọ́ ọ. Inú ìrántí ọkọ nìkan la ti ń rí i: ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, tẹlifóònù tí kò gbé. Síbẹ̀, ẹ wo ẹni tó ń bẹ̀rù ẹni nínú ilé náà. Ọkùnrin tó mú un wá ló ń sáré kiri pé kó má lọ. Obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ ló gba gbogbo ojú ìwé náà.

Ní ìparí, ìyá àgbà kan tó múlé tì wọ́n rí Fanta lókè ọgbà ewéko tó pààlà ilé wọn, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì juwọ́ sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré la rí i láìgba ojú ọkọ rẹ̀, ìyẹn sì tó.

Kí ni Dara Salam, tí wọ́n ń dárúkọ káàkiri?

Ibi ìgbafẹ́ kan ni, tí àwọn àlejò máa ń wá lo ìsinmi. Bàbá Rudy, Abel Descas, ló kọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Salif. Abel rò pé Salif ń yan òun jẹ, ó sì pa á níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n Reubeuss ló bá a dé, ibẹ̀ ló sì kú sí. Bàbá Norah ló wá di olówó ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti rí owó tó ń ná kó tó wó.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn: bàbá méjì, ibì kan náà, ẹ̀wọ̀n kan náà, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ ni pé Abel fúnra rẹ̀ ló wọ ẹ̀wọ̀n, èkejì sì ti ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ dípò ara rẹ̀.

Ṣé ìwé náà ń ba àwọn bàbá Áfíríkà jẹ́ lójú òyìnbó ni?

Ẹni tó bá ka apá kìíní nìkan lè rò bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ má fò apá kejì. Abel Descas, òyìnbó ni. Rudy ọmọ rẹ̀, òyìnbó, ń ṣe ọmọ tirẹ̀ bí àlejò. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Djibril. Ìyá Rudy ń pín ìwé nípa áńgẹ́lì kiri ojúlé, àwọn ọmọ tó ní irun wúrà ni ọkàn rẹ̀ fà sí, kì í ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ àdàlù. NDiaye kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Níbi tí mo ti rò pé ó le jù, ní apá kẹta ni, níbi tí ìdílé ọkọ Khady ti dà bí ẹni tí kò ní ìwà mìíràn ju ojúkòkòrò lọ. Mo fẹ́ rí ẹnì kan níbẹ̀, ó kéré tán, tí ojú ń tì.

Ibo ni Khady Demba ń lọ, ta ló rán an?

Opó ni. Ọdún mẹ́ta ló lò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kò bímọ, bó sì ti wu ú láti bímọ tó, ọkọ kú. Ó padà sílé àwọn àna rẹ̀, níbi tí wọn kì í ti bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ fún un ní owó díẹ̀, ó ní kó lọ bá Fanta nílùú òyìnbó, pé Fanta ti fẹ́ òyìnbó, ó ti lówó, kó máa fi owó ránṣẹ́ tó bá débẹ̀. Ẹni tó ti ka apá kejì mọ bí Fanta ṣe lówó tó. Ìyà yẹn pọ̀ gan-an: wọ́n lé èèyàn jáde lọ síbi tí kò sí.

Kò bá ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fẹ́ fi gbé e lọ. Ó bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìṣó sì ya á lẹ́sẹ̀. Ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Lamine, wọ́n sì jọ gba ọ̀nà aṣálẹ̀. Owó tán nílùú kan lójú ọ̀nà. Khady ń fi ara rẹ̀ wá owó nínú yàrá ẹ̀yìn ilé olóúnjẹ kan, Lamine sì jí owó náà gbé lọ. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú ara tó ti bà jẹ́, ó dé ìsàlẹ̀ ògiri wáyà kan, ó gun àkàsọ̀, ó jábọ́, ó kú.

Ṣé ògiri wáyà yẹn wà lóòótọ́?

NDiaye kò dárúkọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ á mọ̀. Ìlú méjì tó jẹ́ ti Sípéènì wà lórí ilẹ̀ Áfíríkà, Ceuta àti Melilla, Mòrókò ló yí wọn ká. Ní ìgbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2005, àwọn arìnrìn-àjò tó ń gbé inú igbó ẹ̀bá ibẹ̀ fi àkàsọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn kọ lu wáyà náà lóru. Àwọn kan kọjá, àwọn kan kú. Àkàsọ̀ yẹn ni ẹ óò bá nínú ìwé.

Kí ni gbogbo ẹyẹ wọ̀nyí wà fún?

Bàbá Norah ń bà lórí igi bí ẹyẹ. Àṣá kan ń lépa Rudy nínú ọkọ̀, ó gbà pé Fanta ló rán an. Ọkùnrin tó ń kó Khady lọ jọ kannakánná lójú rẹ̀. Khady fúnra rẹ̀, nígbà tó ń jábọ́, rí ẹyẹ tó ń fò lókè.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa, àwọn ẹlẹ́yẹ, nìyí. Mo gbọ́, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n NDiaye kò mú un láti ọ̀dọ̀ wa. Nínú ìwé rẹ̀, ẹyẹ ni ohun tí èèyàn ń dà nígbà tí ilé ò gbà á mọ́. Rudy ń sá fún àṣá náà, ó sì fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ pa nígbẹ̀yìn. Kò sí òǹkàwé tó máa sọ fún yín bóyá ìdáǹdè nìyẹn tàbí ìpànìyàn.

Kí ni "contrepoint" tó wà ní ìparí apá kọ̀ọ̀kan?

Ọ̀rọ̀ orin ni: ohùn kejì tó ń gba abẹ́ ohùn àkọ́kọ́ kọjá. Ojú ìwé díẹ̀ ni, níbi tí ẹlòmíràn ti wá wo ohun tí a ti ń wò. Bàbá ló wo Norah. Aládùúgbò ló wo Fanta. Lamine, tó ti dé Fránsì, ló rántí Khady. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì; ó kúrú, ó sì rọrùn láti fi ojú fò.

Ṣé ìtàn ayé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni?

Bàbá tó padà sí Sẹ̀nẹ̀gàl, ìyá tó kù sí Fránsì pẹ̀lú àwọn ọmọ: ìyẹn bára mu. Ibẹ̀ ló parí sí. NDiaye kì í ṣe lọ́yà, ẹnikẹ́ni ò sì jí arákùnrin rẹ̀ gbé lọ sí Dakar. Ẹ̀bá Paris ni ìyẹn ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ bàbá tó lọ, tó sì padà dé pẹ̀lú ẹnu dídùn, ti wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Eré ìtàgé rẹ̀ kan lórí irú bàbá bẹ́ẹ̀, "Papa doit manger", wọ inú àkójọ eré Comédie-Française, ilé eré ìtàgé ìjọba Fránsì, ní 2003.

Ariwo wo ló bá ẹ̀bùn Goncourt náà?

Kí wọ́n tó fún un lẹ́bùn, NDiaye ti sọ fún ìwé ìròyìn kan pé Fránsì abẹ́ Sarkozy, ààrẹ ìgbà náà, burú jáì, ó sì wà lára ohun tó mú òun àti ìdílé òun kó lọ sí Berlin. Lẹ́yìn ẹ̀bùn, Éric Raoult, aṣòfin ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, kọ̀wé sí mínísítà àṣà pé ẹni tó bá gba Goncourt gbọ́dọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀ nípa orílẹ̀-èdè. Mínísítà náà, Frédéric Mitterrand, ní òun ò dá sí i. Àwọn òǹkọ̀wé bínú, ìwé náà sì ń tà lọ. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kankan kò gba ẹ̀bùn yẹn rí ṣáájú rẹ̀.

Khady kú bí ẹran. Ibo ni agbára rẹ̀ wà?

Ẹ ka apá kẹta kí ẹ sì ka iye ìgbà tí orúkọ rẹ̀ jáde ní kíkún: Khady Demba. Àwọn òbí rẹ̀ kò tọ́ ọ, ìyá àgbà tó tọ́ ọ kò fi ìfẹ́ hàn án, ọkọ kú, àna lé e, ẹni tó fọkàn tán jà á lólè. Gbogbo ẹni tó yẹ kó pe orúkọ yẹn ló ti dákẹ́. Òun ló ń pe ara rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí ohun èlò, ó ń sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé Khady Demba lòun, pé kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́ òun.

Ẹni tí ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ti máa ń kí ní oríkì láàárọ̀ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún èèyàn. Ẹni tí kò sí ẹnu tó máa kì í, tó wá ń ki ara rẹ̀ títí dé orí àkàsọ̀, mi ò mọ orúkọ tí ẹ lè pe ìyẹn ju agbára lọ. Bó ṣe kú kò yí i padà. Tí ẹ bá ní ó yẹ kó yè kó tó jẹ́ alágbára, ẹ̀yin àti ìyá ọkọ rẹ̀ jọ ń fi ohun tó mú bọ̀ díwọ̀n rẹ̀.

Ṣé Norah dárí ji bàbá rẹ̀?

Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Norah kò padà sí Paris kíákíá. Ó dúró láti gbèjà àbúrò rẹ̀. Nínú contrepoint, ilẹ̀ ti ṣú, bàbá wà lórí ẹ̀ka rẹ̀ láàárín àwọn òdòdó tó ti ń rà, ó gbọ́ èémí ẹlòmíràn nítòsí. Norah ni. Òun náà ti gun igi. Bàbá kò bi í pé kí ló ń wá, òun náà kò sọ fún un.